Ẹgbẹ́ Kan tí Ń Kìlọ̀ fún Àwọn Ọkùnrin nípa Jẹjẹrẹ Pírósítéètì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ọjọ́ òní kì í ṣe irú èyí tí àwa Yorùbá máa ń sọ ní gbangba. Nígbà tí a kéde àkọlé rẹ̀ nínú ìjọ, àgbàlagbà kan pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bẹ̀ wá jẹ́jẹ́ bí a bá lè dúró títí àwọn obìnrin yóò fi lọ sí ilé kí a tó bẹ̀rẹ̀. A kò gbà fún un. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ pé bàbá ń dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ní òru láti lọ tọ̀, nígbà tí bàbá fúnra rẹ̀ ṣì ń sọ pé omi tí òun mu ní alẹ́ ni ó pọ̀ jù.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹgbẹ́ náà ń jà fún. Pírósítéètì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan tí Ẹlẹ́dàá fi sí ara ọkùnrin. Obìnrin kò ní in. Nígbà ọ̀dọ́, kò ju èso àwùsá kan lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ni ó wà, ó sì yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká gẹ́gẹ́ bí òrùka ti í yí ìka ká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè apá kan nínú omi tí ń gbé irú-ọmọ ọkùnrin jáde. Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, pàápàá bí ó bá ti kọjá àádọ́ta ọdún, ẹ̀yà ara yìí a máa wú. Bí ó bá wú, a fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀. Ìtọ̀ a máa kán tótó, a máa dúró ní agbede-méjì, ẹni náà a sì máa rò pé òun kò tíì tọ̀ tán. Wíwú yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìyọnu ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń pa ènìyàn bí jẹjẹrẹ ti ń pa á.

Jẹjẹrẹ jẹ́ ohun mìíràn. Ara wa kún fún àwọn ohun alààyè wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀ láti bí sí i àti àkókò láti kú. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn bá kọ̀ láti kú, tí wọ́n sì ń bí sí i láìgba àṣẹ, a sọ pé jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ fi ọkàn sí èyí: lọ́pọ̀ ìgbà, etí òde pírósítéètì ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ibi tí ó jìnnà sí ọ̀nà ìtọ̀. Nítorí náà kì í fún ọ̀nà náà pọ̀, kì í dun ènìyàn, kì í sì í fi àmì kankan hàn. Ọkùnrin lè máa lọ sí oko, kí ó máa gun òkè, kí ó máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, kí àrùn náà sì ti wà ní ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Ìgbà tí ìrora bá dé, ó lè jẹ́ pé àrùn ti kúrò ní ilé rẹ̀, ó ti wọ inú egungun ìbàdí àti ti ẹ̀yìn.

Ìrora ẹ̀yìn yìí ni àwa ń pè ní làkúrègbé. Àwọn mìíràn a sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọn a sì ra àgbo rẹ̀ ní ìgò-ìgò. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìtọ̀ ni ó ń yọ ọkùnrin lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ sí ọkàn rẹ̀ ni àtọ̀sí. Ta ni yóò fẹ́ kí aya òun gbọ́ pé òun ní àtọ̀sí ní ẹni ọgọ́ta ọdún? Nítorí náà ni bàbá olóòótọ́ tí kò mọ obìnrin mìíràn rí yóò fi máa fi ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pamọ́ bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. A kò bá àwọn alágbo jà ní ibi yìí. Ohun tí a ń sọ ni pé orúkọ mẹ́ta tí a fún àrùn kan náà ti jẹ́ kí ó lè fara pamọ́ láàárín wa.

Ní ọdún 1996, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jonathan Waxman dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí àrùn yìí. Ẹgbẹ́ aláàánú ni, tí kì í wá èrè. Owó tí àwọn ènìyàn bá dá ni ó fi ń ṣiṣẹ́. The Prostate Cancer Charity ni a ń pè é ní ìbẹ̀rẹ̀; láti ọdún 2012 ni a ti ń pè é ní Prostate Cancer UK. Ní àkókò tí wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ibi tí pírósítéètì wà nínú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni owó ìwádìí tí a ń ná sí i kéré. Ẹgbẹ́ náà ń tẹ ìwé pélébé fún àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n mọ̀ nípa àrùn náà dáadáa, tí ọkùnrin tàbí aya rẹ̀ lè bá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láìsan owó. Ó sì ń dá owó fún àwọn oníṣègùn tí ń ṣe ìwádìí. Ọkùnrin kan lè wà tí kò lè ṣí ẹnu bá dókítà tí ó jókòó ní iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó lè sọ ohun gbogbo fún ohùn obìnrin tí òun kò ní rí ojú rẹ̀ láéláé. Ẹni tí ó ronú kan tẹlifóònù yìí mọ ọkùnrin.

Kí ni ó kàn wá nínú ẹgbẹ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù? Ó kàn wá púpọ̀. Nínú gbogbo ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá kó mẹ́jọ jọ, ọ̀kan nínú wọn ni àrùn yìí yóò mú ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ń gbé ibẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Àwọn oníwádìí tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2015 ni wọ́n ṣe ìṣirò yìí. Wọ́n tún rí i pé ọ̀kan nínú ọkùnrin dúdú 12 ni àrùn náà yóò pa, àti ọ̀kan nínú ọkùnrin funfun 24. Ẹ wò ó: lẹ́yìn tí a bá ti rí àrùn náà, bí ọ̀kan nínú mẹ́ta ni ó ń kú nínú àwọn méjèèjì. Nítorí náà kì í ṣe pé àrùn náà korò sí wa lẹ́yìn tí ó bá mú wa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń mú wa ní ìlọ́po méjì. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, àwọn ọkùnrin dúdú ń kú nípa rẹ̀ ní ìlọ́po méjì ju àwọn funfun lọ. Àwọn oníṣègùn rí i pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran tí ó ń fa apá kan rẹ̀, nítorí ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní i wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ. Peckham kún fún àwọn ọmọ wa. Bí a bá ka orí ọkùnrin mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ti mọ ohun tí ìṣirò náà wí.

A fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín, nítorí pé òun tìkára rẹ̀ ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Errol McKellar ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin dúdú tí ó ní ilé ìtún-ọkọ̀-ṣe ní Hackney, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2010, aya rẹ̀ rán an lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, kì í ṣe nítorí ìtọ̀, bí kò ṣe nítorí pé híhanrun rẹ̀ kò jẹ́ kí obìnrin náà sùn. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó rí ìwé pélébé kan nípa pírósítéètì, ó sì béèrè ohun tí ó jẹ́. Wọ́n sọ fún un pé àyẹ̀wò náà kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó ṣe é. Wọ́n rí jẹjẹrẹ ní ara rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ó padà sí ẹnu iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí wí fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ yẹ ara rẹ̀ wò, òun yóò dín 20 kù nínú 100 owó iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n lọ, a sì rí àrùn náà ní ara ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ wa. Ọkùnrin tí kò ka ìwé dókítà sí a máa fetí sí ohun tí mẹkáníìkì bá wí.

Kì í ṣe àwọn tálákà tàbí aláìmọ̀wé nìkan ni ìtìjú yìí ń dè. Ní oṣù December ọdún 2023, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Lloyd Austin nítorí jẹjẹrẹ pírósítéètì. Òun ni olórí ọ̀ràn ogun àti ààbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Kò sọ fún Ààrẹ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 2024, àìsàn tí ó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ náà dá a padà sí ilé ìwòsàn, ọjọ́ bíi mélòó kan sì kọjá kí Ààrẹ tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ogun àti ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ ńlá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀! Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù February, ó dúró ní iwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ ìdáríjì, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ìbá ti lo àǹfààní náà láti kọ́ àwọn ènìyàn. Ẹ fi èyí wé ti Desmond Tutu, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Cape Town tẹ́lẹ̀ rí. Ní ọdún 1997 ni a rí jẹjẹrẹ yìí ní ara rẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Àrùn náà a máa lọ, a sì tún máa padà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó lò lẹ́yìn náà. Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù December ọdún 2021, ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. A kò rí i kà pé ẹnikẹ́ni fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nítorí pé ó dárúkọ àrùn rẹ̀.

Nísinsìnyí, nípa àyẹ̀wò náà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni a ń fà láti apá. Ohun kan wà tí pírósítéètì ń dà sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a ń pè ní PSA. Iye rẹ̀ ni a ń wọ̀n. Láti ọdún 1986 ni wọ́n ti fi àṣẹ sí i ní Amẹ́ríkà fún títọ́pa àwọn tí ó ti ń ṣàìsàn, àti ní 1994 fún wíwá àrùn náà kiri. Bí iye náà bá ga, kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ti dé dandan. Wíwú lásán lè gbé e ga. Kòkòrò nínú ìtọ̀ lè gbé e ga. Gígun kẹ̀kẹ́ púpọ̀ àti bíbá aya ẹni lò pọ̀ láàárín ọjọ́ méjì ṣáájú lè gbé e ga díẹ̀. Bí a bá kó ọkùnrin mẹ́rin tí tiwọn ga jọ, bí mẹ́ta nínú wọn ni kò ní jẹjẹrẹ. Ní ìdàkejì, nínú ọkùnrin méje tí tiwọn kò ga, bí ọ̀kan lè ní in. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ kà á bí ajá tí ń gbó ní òru: ó lè jẹ́ olè, ó lè jẹ́ àlejò, ó sì lè jẹ́ ewúrẹ́ lásán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń bẹ̀rù jù ni ìka dókítà ní ìdí wọn. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Ẹgbẹ́ náà ń kọ́ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò di dandan kí ọkùnrin tí kò ní ìyọnu kankan gba ìyẹn kí ó tó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, dókítà lè béèrè fún un síbẹ̀. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fi ohun kan hàn, a ń fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú ara kí a tó fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwádìí kan tí a ń pè ní PROMIS, tí a tẹ̀ jáde ní 2017, fi hàn pé bí a bá ti ṣe ẹ̀rọ náà ṣáájú, bí ìdámẹ́rin àwọn ọkùnrin ni ó lè bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin tí ó bá pé ọdún 50 lè béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí ní ọwọ́ dókítà rẹ̀ láìsan owó, ẹgbẹ́ náà sì ń rọ àwọn ọkùnrin dúdú pé kí wọ́n ti bá dókítà sọ ọ́ láti ọdún 45. Ní Nàìjíríà, jẹjẹrẹ pírósítéètì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ń mú ọkùnrin, síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà owó ara ẹni ni ènìyàn fi ń san àyẹ̀wò, ọ̀pọ̀ sì ni ó ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí àrùn ti wọ egungun. Àwọn oníṣègùn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa, bí ti Ìbàdàn àti ti Èkó. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Folakemi Odedina tí ó wà ní Amẹ́ríkà, kó àwọn oníwádìí jọ ní ọdún 2005 láti ìhà méjèèjì òkun, láti máa wá ìdí tí àrùn yìí fi ń lépa àwọn ìran Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ibikíbi tí wọ́n bá wà. CaPTC ni a ń pe àpapọ̀ náà.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ pé àwọn ọlọ́gbọ́n kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí pé kí gbogbo ọkùnrin lọ ṣe àyẹ̀wò. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni àwọn tí ń ṣe iyèméjì. Nínú jẹjẹrẹ yìí, òmíràn wà tí ń rìn bí ìgbín, tí ọkùnrin yóò fi gbó tí yóò sì kú nípa ohun mìíràn. Bí a bá rí irú rẹ̀, tí a sì sáré fi abẹ tàbí ìtànṣán tọ́jú rẹ̀, ẹni náà lè di ẹni tí kò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, tàbí ẹni tí agbára ọkọ fi sílẹ̀, láìnídìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ̀lé ọkùnrin 1,643 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì jáde kúrò ní ibi tí ó wà. A ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, a fi ìtànṣán tọ́jú apá kan, apá kẹta ni a kàn ń ṣọ́. Lẹ́yìn ọdún 15, ní 2023, a rí i pé bí 97 nínú 100 ni àrùn náà kò pa, nínú ìdí kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tí a bá rí i ní ara rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ sáré lọ sí abẹ́ ọ̀bẹ. Ní ìhà kejì, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Yúróòpù tẹ̀lé ọkùnrin tí ó ju 160,000 lọ fún ọdún 23. Ní 2025 wọ́n ròyìn pé láàárín àwọn tí a pè fún àyẹ̀wò PSA, ikú nípa àrùn náà fi 13 nínú 100 dín sí ti àwọn tí a kò pè. Nínú ọkùnrin 456 tí a pè, ẹ̀mí kan ni a gbà là. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé ó kéré lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan yẹn ní ilé àti ọmọ.

Ṣùgbọ́n ta ni àwọn tí wọ́n kà nínú ìwádìí wọ̀nyí? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ọkùnrin funfun. Ohun tí ó dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni èyí. Ní oṣù November ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí ń gba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn gbé èrò rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde: kí a máa pe àwọn ọkùnrin díẹ̀ tí wọ́n jogún àléébù kan tí a mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìran wọn fún àyẹ̀wò déédéé. Wọn kò dámọ̀ràn bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọkùnrin dúdú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu wọn pọ̀. Wọ́n ní ohun tí a mọ̀ kò tíì tó láti sọ bóyá yóò ṣe wọ́n ní rere tàbí ní ibi. Bẹ́ẹ̀ ni àìkà wá ní àná ṣe di ìdí tí a kò fi lè gbà wá nímọ̀ràn ní òní. Ẹgbẹ́ náà kò fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pamọ́ nígbà tí ó gbọ́.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀ tí yóò dí àlàfo náà. Ní ọdún 2023, Prostate Cancer UK kéde ìwádìí ńlá kan, TRANSFORM, tí a ya mílíọ̀nù 42 owó pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún. Ó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ MRI àti àyẹ̀wò itọ́ ẹnu wọn ara wọn, kí a lè mọ ọ̀nà tí ó dára jù láti wá àrùn náà láìpa ẹni tí kò yẹ lára. A ń pe àwọn ọkùnrin láti ọdún 50 títí dé 74, ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú láti ọdún 45. A sì pinnu pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú mẹ́wàá àwọn tí a óò pè gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin dúdú. Ènìyàn kò lè fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọ́fíìsì dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà ni wọ́n ti ń mú orúkọ, ìwé ìpè a sì dé sí ilé rẹ̀. A mọ bí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣe sí ìwé tí wọn kò retí ní ìlú òyìnbó: wọn a rò pé gbèsè ni, tàbí ọ̀ràn ìwé ìgbélùú, wọn a sì fi sí abẹ́ ìrọ̀rí. Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ̀wé sí wọn, tàbí kí ẹ pè wọ́n ní alẹ́ òní. Ẹ sọ fún wọn pé bí ìwé tí ó ní orúkọ TRANSFORM bá dé, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì mú un lọ bá dókítà wọn bí ohunkóhun bá rú wọn lójú nínú rẹ̀.